Ẹ Bi Wá Léèrè: Lẹ́tà Ímeèlì Tó Ń Tọrọ Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Ìbéèrè tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ń fi ránṣẹ́ nípa àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ débi pé a pinnu láti fi gbogbo abala yìí jíròrò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àwọn lẹ́tà ímeèlì tó ń gbé àwọ̀ báǹkì, ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba wọ̀, tí wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì ẹni, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní pásíwọọ̀dù. Phishing ni orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹ̀tàn yìí káàkiri ayé. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìyá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gba lẹ́tà ímeèlì kan tó ní àmì ìdánimọ̀ báǹkì tí owó ìfẹ̀yìntì mi ń gbà wọlé. Ó sọ pé BVN mi kò bá NIN mi mu, àti pé bí n kò bá tún un ṣe láàárín wákàtí 24, wọn yóò ti àkáǹtì mi pa. Ó ní kí n tẹ líǹkì kan, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọ báǹkì lórí fóònù àti PIN káàdì mi síbẹ̀. Ọmọ mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara ni a fi ń dá lẹ́tà àwọn oníjìbìtì mọ̀, ṣùgbọ́n mo fi ojú olùkọ́ ka èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni? (Ìyá olùkọ́, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làákàyè tí ẹ fi dúró béèrè kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Irọ́ ni lẹ́tà náà. N kò rí i, síbẹ̀ mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìmikàn, nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àti PIN lọ́wọ́ yín. Báǹkì kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà láti ṣe iṣẹ́ kankan lórí àkáǹtì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó bá fẹ́ tún àkọsílẹ̀ yín ṣe ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọ inú ẹ̀rọ wọn, tí kò kan ọ̀rọ̀ aṣínà yín rárá. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà fún ni láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ wọlé, nítorí náà, ẹni tó bá ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín fẹ́ kí ẹ̀rọ gbà pé òun ni ẹ̀yin. Bí lẹ́tà kan bá ti lè béèrè èyí, ẹ̀rí ti pé lọ́wọ́ yín, ẹ má tún wá òmíràn kiri.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín sọ ní ìtumọ̀ nígbà kan rí. Ẹ̀tàn yìí ti wà láti àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn kan ń díbọ́n bí òṣìṣẹ́ America Online, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, láti gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà, lóòótọ́ sì ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ ti máa ń tú àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì kò nílò láti mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ mọ́. Ó lè da lẹ́tà tí báǹkì fúnra rẹ̀ kọ kọ, àmì ìdánimọ̀ àti gbogbo rẹ̀, kí ó sì yí líǹkì inú rẹ̀ nìkan padà. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá náà sì ti wà báyìí tó lè bá a kọ ọ́ ní èdè yòówù tó bá fẹ́, títí kan Yorùbá. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́ pé kí ó máa wá àṣìṣe inú lẹ́tà, nítorí pé ọjọ́ tí kò bá rí àṣìṣe ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀.

Ẹ tún kíyèsí bí wọ́n ṣe fi òótọ́ hun irọ́ náà. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló gbé BVN kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2014. Báǹkì yìí kan náà ló pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ìròyìn náà, àwọn tó lọ tò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì kò níye. Oníjìbìtì mọ̀ pé ìbẹ̀rù yẹn ṣì wà lára wa, òun ló sì ń gùn bí ẹṣin. Bó bá di ọ̀la tí ìjọba bá gbé òfin mìíràn jáde lórí owó, lẹ́tà wọn yóò yí padà tẹ̀lé e. Wákàtí 24 tí wọ́n fún yín kì í ṣe gbèdéke báǹkì kankan. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹ má baà ráyè ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí gan-an, ìyẹn ni pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ ẹlòmíràn.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀ lórí BVN náà, ẹ fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì gba ọ̀nà mìíràn tọ báǹkì lọ. Nọ́ńbà ìpè wọn wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Ẹ pè é, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀ka tó wà nítòsí. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà, nítorí pé ẹni tó kọ lẹ́tà ni yóò gbé e.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé kí á máa wo àdírẹ́ẹ̀sì tí líǹkì ń gbé ni lọ kí á tó tẹ̀ ẹ́, kí á sì rí i pé àmì àgádágodo wà níbẹ̀. Mo ń wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, n kò mọ ohun tí mò ń wò. Bí mo bá ti rí orúkọ Google tàbí ti báǹkì nínú rẹ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? (Akọ̀wé ilé-iṣẹ́, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀kọ́ tó jìn tó o lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2016, John Podesta, tó jẹ́ alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton ní Amẹ́ríkà, gba lẹ́tà kan tó jọ pé ọ̀dọ̀ Google ló ti wá. Lẹ́tà náà sọ pé ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gbìyànjú láti wọ àkáǹtì rẹ̀ láti ilẹ̀ Ukraine, pé Google ti dá ẹni náà dúró, ṣùgbọ́n kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lójú ẹsẹ̀. Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ tó yẹ kí ó tẹ̀. Líǹkì kúkúrú kan tó ń bo ibi tó ń lọ mọ́lẹ̀ ló wà lábẹ́ bọ́tìnì yẹn, ibi tó sì ń gbé ènìyàn lọ gan-an ni myaccount.google.com-securitysettingpage.tk.

Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì yẹn dáadáa. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti apá òsì yóò rí myaccount, yóò rí google, yóò rí com, ojú rẹ̀ yóò sì ti kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti apá ọ̀tún ni a ń ka orúkọ ẹni tó ni ìkànnì. Ẹ fo àmì // tó wà lẹ́yìn https, ẹ wá àmì / tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e, kí ẹ sì máa kà bọ̀ láti ibẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Bí kò bá sí àmì / mìíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Nínú èyí, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni tk, tó jẹ́ ti erékùṣù Tokelau. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, láti dọ́ọ̀tì sí dọ́ọ̀tì, ni com-securitysettingpage. Àwọn méjèèjì yìí pa pọ̀ ni orúkọ ìkànnì náà. Àmì ìsopọ̀ tín-ń-rín tó wà lẹ́yìn com ló yí ohun gbogbo padà, nítorí pé ó so com mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, kò sì jẹ́ kí google.com dá dúró mọ́. Ohun tó bá wà ní apá òsì orúkọ ìkànnì, ẹni tó ni ín lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ Òkè-Àdó sí òkè àpòòwé lẹ́tà, tó wá kọ Èkó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, Èkó ni ilé ìfìwéránṣẹ́ máa gbé e lọ.

Fún àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tiwa tó parí sí .com.ng tàbí .gov.ng, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ kà pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú com.ng ló ń sọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ gbé atọ́ka sórí líǹkì láìtẹ̀ ẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ yóò hàn nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Lórí fóònù, ẹ fi ìka di líǹkì náà mú fún ìgbà díẹ̀ títí tí àdírẹ́ẹ̀sì yóò fi jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́: ẹ tẹ orúkọ náà kí ẹ lè rí àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó ní kí ẹnìkan má fi orúkọ báǹkì yín pe ara rẹ̀ lókè lẹ́tà.

Ní ti àmì àgádágodo, ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí ẹ kọ bó ti ń lọ lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó máa gbà á ní ìkángun kejì. Ìwé ẹ̀rí tó ń mú kí àmì náà jáde kò náni ní kọ́bọ̀ mọ́, oníjìbìtì náà ń gbà á. Nígbà tí Google rí i pé àmì yìí ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, ó yọ ọ́ kúrò lójú Chrome, áàpù rẹ̀ tí a fi ń wo ìkànnì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì fi àmì mìíràn dípò rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyókù ìtàn Podesta, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tó ká mi lára jù wà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kàn tẹ bọ́tìnì náà láìronú. Wọ́n fi lẹ́tà náà han ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni yẹn kọ̀wé padà pé lẹ́tà tòótọ́ ni, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kíákíá. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti bàjẹ́, ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ kọ ọ́ pé kì í ṣe lẹ́tà tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ṣì í kọ. Àṣìṣe yìí ni gbogbo ènìyàn rántí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni pé ó kọ líǹkì tòótọ́ ti Google sínú ìdáhùn kan náà, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ká ní líǹkì tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ni, àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan yẹn kì bá tí pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n padà sínú lẹ́tà, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni WikiLeaks, ìkànnì tó ń tú ìwé àṣírí síta, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn lẹ́tà ọkùnrin náà síta fún gbogbo ayé kà, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá ológun méjìlá láti àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Rọ́ṣíà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí èyí, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka àdírẹ́ẹ̀sì, ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Ojú lè rẹ̀ yín ní ọjọ́ kan. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà kan tilẹ̀ wà tó jọ a tiwa débi pé ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àṣà tó yẹ kí ẹ fi kọ́ ara ni pé bí lẹ́tà bá ní ọ̀rọ̀ wà lórí àkáǹtì yín, kí ẹ ti lẹ́tà náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ mọ̀, tàbí kí ẹ ṣí áàpù tó ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ máa bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí kò nílò láti dá òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ìbéèrè: Mò ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní London. Mo gba ímeèlì pé HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ dá owó orí tí mo san lé padà fún mi, kí n kàn fi ọ̀rọ̀ aṣínà mi wọlé kí owó lè jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan gba irú owó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní ọdún tó kọjá. Ṣé kí n gbà á gbọ́? (Òǹkàwé kan, Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á gbọ́. HMRC ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kì í fi ímeèlì sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó orí rẹ̀ kan wà láti gbà padà. Owó ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ òótọ́, kí lẹ́tà yín sì jẹ́ irọ́. Ẹ fúnra yín kọ gov.uk sínú ẹ̀rọ yín, kí ẹ gba ibẹ̀ wọ àkáǹtì owó orí yín. Bí owó kan bá wà fún yín, yóò hàn níbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ gbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí phishing@hmrc.gov.uk. Ẹ lè fi èyí tó bá wá ní orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́ sí report@phishing.gov.uk, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ránṣẹ́ sí 7726, láìsanwó. Ẹ ṣọ́ra gidigidi nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní bá ń súnmọ́, tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó orí fúnra wọn máa ń wà lórí eré, àti lẹ́yìn ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin tí ọdún owó orí parí.

Ìbéèrè: Mo ṣèèṣì ṣí lẹ́tà kan tí mo wá mọ̀ pé ti àwọn oníjìbìtì ni. N kò tẹ ohunkóhun. Ṣé wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi? (Bàbá ọlọ́kọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Rárá o, bàbá wa. Kíka lẹ́tà kò fún wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá kọ ọ́ sójú ewé wọn ló fún wọn. Fáìlì tí wọ́n bá so mọ́ lẹ́tà ni kí ẹ má ṣe ṣí, nítorí pé ìyẹn lè ní kòkòrò ẹ̀rọ nínú. Ẹ sàmì sí lẹ́tà náà pé ẹ̀tàn ni, kí ilé-iṣẹ́ ímeèlì yín lè máa yọ irú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún yín àti fún àwọn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni mí. Lẹ́tà kan ń wá sí ímeèlì wa pé àpótí lẹ́tà wa ti kún, kí á fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé kí wọ́n lè fi àyè kún un fún wa. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ mo ti tan ìjẹ́rìísí ìgbésẹ̀ méjì sórí àkáǹtì mi, tó fi jẹ́ pé kóòdù ní láti wá sórí fóònù mi kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé. Ṣé mo ṣì ní láti bẹ̀rù? (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: O káre, àbúrò mi. Tàn án sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má sì pa á láé, nítorí pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n má rò pé kóòdù nìkan lè dá oníjìbìtì tó mọṣẹ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ojú ewé èké náà ń bá ojú ewé tòótọ́ sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà tí ìwọ ń bá a sọ̀rọ̀. Bí o bá ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ síbẹ̀, yóò gbé e lọ sí ojú ewé tòótọ́, èyí yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, ìwọ yóò tún kọ kóòdù náà sójú ewé èké, òun yóò sì gbé ìyẹn náà lọ. Kí o tó mọ̀, ó ti wọlé. Nítorí náà, kóòdù, tàbí OTP, wà lábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà: ibi tí ìwọ fúnra rẹ rìn dé nìkan ni kí o ti kọ ọ́, a kì í sì í kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tutù tó.

Irú kan tún wà tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ènìyàn gba lẹ́tà pé ẹni tí wọ́n mọ̀ fẹ́ kí wọ́n bá òun wo ìwé kan lórí Google Docs. Líǹkì náà gbé wọn lọ sí ojú ewé Google tòótọ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé áàpù oníjìbìtì kan ló sọ ara rẹ̀ ní Google Docs, tó ń tọrọ àyè láti máa ka lẹ́tà wọn, kí ó sì máa fi orúkọ wọn kọ̀wé sí àwọn ojúlùmọ̀ wọn. Àwọn tó tẹ bọ́tìnì ìyọ̀ǹda fi ọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fún un. Google dá a dúró láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò kúrò nílẹ̀: ka ohun tí áàpù ń tọrọ kí o tó gbà. Lọ sí ibi ètò ààbò àkáǹtì rẹ, kí o wo àwọn áàpù tí o ti fún láyè rí, kí o sì yọ èyí tí o kò mọ̀ kúrò.

Bí o bá fẹ́ ààbò tó ju kóòdù lọ, ohun tó dára jù tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní passkey. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí o máa kọ. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ ló ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, ìwọ yóò kàn fi ìka tàbí ojú rẹ jẹ́rìí. Agbára rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yẹ àdírẹ́ẹ̀sì wò: kọ́kọ́rọ́ tí a ṣe fún google.com kò ní dá com-securitysettingpage.tk lóhùn láé, kódà bí a bá ti tan ìwọ jẹ pátápátá. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Google sọ ní ọdún 2018 pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, tí òun ti sọ lílo kọ́kọ́rọ́ náà di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ òun tó ju 85,000 lọ, ẹ̀tàn yìí kò tíì gba àkáǹtì iṣẹ́ ẹnìkankan nínú wọn. Áàpù tó ń bá ènìyàn pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ náà ń ṣe díẹ̀ nínú èyí. Bí áàpù tó máa ń bá ọ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ bá dákẹ́ lójú ewé kan tó jọ ti báǹkì rẹ, má fi ọwọ́ kọ ọ́ dípò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rí ohun tí ìwọ kò rí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mò ń ta aṣọ àdìrẹ, orí Facebook àti WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi wà. Lẹ́tà kan ní wọ́n fẹ́ pa ojú ewé ọjà mi rẹ́ nítorí pé mo rú òfin. Àyà mi já, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì mi síbẹ̀ kí n tó fura. Ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn kan náà ni mo ń lò fún báǹkì. N kò tíì lè sọ fún ọkọ mi. Kí ni kí n ṣe, ṣé kí n sì pa lẹ́tà náà rẹ́? (Oníṣòwò, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín níbí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí jókòó ronú bí wọ́n ṣe máa já àyà ẹni tó ń fi òógùn ojú jẹun, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀bi wà. A ti dá yín lóhùn lọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, ṣùgbọ́n a tún un kọ síbí fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lórí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín, kí wọ́n lè dá ohun tó ń jáde lórí àkáǹtì yín dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ímeèlì. Ẹ má ṣe rò pé ímeèlì kéré sí báǹkì, nítorí pé ibẹ̀ ni Facebook àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé òun gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà òun. Ẹni tó bá ni ímeèlì yín lè gba ibẹ̀ gba ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí i, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí èyí tí ẹ kò lò rí, kí ẹ sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ gbogbo ẹ̀rọ mìíràn tó ti wọlé kúrò. Bí àkáǹtì náà kò bá jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́, ẹ gba ibi ìgbàpadà àkáǹtì wọlé láti orí fóònù tí ẹ ti máa ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé wà lẹ́yìn èyí, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì yín padà, bóyá wọ́n ti fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi ètò ímeèlì yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà yín máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí lẹ́tà tó bá wá láti báǹkì máa lọ tààrà sínú ìdọ̀tí kí ẹ má baà rí i. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí àṣẹ yìí sì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà yín lọ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fún báǹkì, Facebook àti ibikíbi tí ẹ ti lo ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tan ìjẹ́rìísí ìgbésẹ̀ méjì sórí gbogbo wọn, títí kan WhatsApp.

Ẹ sọ fún ọkọ yín lónìí. Bí oníjìbìtì bá ti ní orúkọ yín lọ́wọ́, ọkọ yín àti àwọn oníbàárà yín ni wọ́n máa kọ̀wé sí láti yáwó tàbí láti ní kí wọ́n san owó ọjà sínú àkáǹtì tuntun. Ẹ tètè ṣáájú wọn: ẹ kéde fún àwọn oníbàárà pé àkáǹtì yín kò yí padà, pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ yín béèrè owó, kí wọ́n pè yín kí wọ́n gbọ́ ohùn yín kí wọ́n tó san án.

Ẹ má pa lẹ́tà náà rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán àlẹ́ẹ̀tì owó tó bá jáde, nítorí pé báǹkì àti EFCC tàbí ọlọ́pàá yóò nílò wọn. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2015, dárúkọ phishing ní abala 32 rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ báǹkì ní ọjọ́ tí ẹ bá pè wọ́n, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ fi ẹjọ́ sùn.